Ohun Tí Àwọ̀ Ewé Kò Sọ fún Sátẹ́láìtì

Ọ̀dá mú ní Amazon ní ọdún 2005. Odò fà títí ọkọ̀ ojú omi fi jókòó sórí iyanrìn, ẹja kú lọ súà, àwọn sójà ilẹ̀ Brazil sì ń fi hẹlikópítà gbé omi mímu àti oúnjẹ lọ fún àwọn abúlé tí kò ní ọ̀nà mìíràn ju odò lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Scott Saleska àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní àwọn yẹ ohun tí sátẹ́láìtì rí lórí igbó náà ní àsìkò tí ọ̀dá le jù wò, igbó ò sì rọ. Ṣe ló tún tutù yọ̀yọ̀ sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà tí mo ka ìwádìí yìí. Ẹni tó bá ti dá oko rí kò ní kà á tán kó má béèrè ta ló ń parọ́ nínú òjò àti sátẹ́láìtì. Èmi náà béèrè. Awuyewuye tí ìwádìí yẹn dá sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ gbà tó ọdún mẹ́wàá, òun ló sì sọ mí di ẹni tó ń fi àwòrán sátẹ́láìtì wo igbó ilẹ̀ wa títí di òní. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ kò ṣòro láti sọ: ewé lè bo igi bámúbámú kí igi náà má ṣiṣẹ́ mọ́, igbó sì lè dà bí ẹni pé kò yí padà rárá nígbà tí iṣẹ́ inú rẹ̀ ti yí padà pátápátá.

Iṣẹ́ tí mò ń sọ ni kí ewé fa kábọ́ọ̀nù láti inú afẹ́fẹ́, kó fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ ọ́ di oúnjẹ, kó mí omi jáde, kí igi sanra, kí ewé tó já jẹrà kó sì padà di ọ̀rá ilẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kámẹ́rà lè yà ní fọ́tò láti ibi gíga 700 kìlómítà. Àmì wọn là ń wá kiri, àmì sì lè tan ènìyàn.

Àmì tó lókìkí jù rọrùn lójú. Ewé tó wà láàyè máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, nítorí èyí ló fi ń se oúnjẹ. Ìmọ́lẹ̀ tó tẹ̀lé pupa, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí tí wọ́n ń pè ní infrared, kò wúlò fún un, ó sì ń jù ú padà sókè. Sátẹ́láìtì á wọn méjèèjì. A ó yọ ti pupa kúrò nínú ti infrared, a ó fi àpapọ̀ àwọn méjèèjì pín ohun tó kù, a ó sì rí iye kan tí kì í ju 1 lọ. Ilẹ̀ gbígbẹ tí kò ní koríko kì í jìnnà sí òdo. Igbó tó dí lè kọjá 0.8. NDVI ni gbogbo wa ń pè é, kódà nígbà tí a bá ń sọ Yorùbá.

Compton Tucker, ní ibùdó Goddard ti NASA ní Amẹ́ríkà, ló sọ iye yìí di ohun tí a fi ń ṣọ́ gbogbo àgbáyé. Ọgbọ́n tó dá wú mi lórí títí di òní. Àwọn sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ wà lókè nígbà náà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní AVHRR, ìkùukùu ni wọ́n sì ṣe é fún. Tucker rí i pé ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ pupa àti infrared lójoojúmọ́, ó bá fi wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìkùukùu. Ní ọdún 1991, òun pẹ̀lú Harold Dregne àti Wilbur Newcomb fi hàn pé láàárín 1980 sí 1990, etí gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ń lọ ó ń bọ̀ ni, bí òjò ọdún kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tí gbogbo ayé ń gbọ́ ni pé aṣálẹ̀ ń bọ̀ wá sí gúúsù láìwẹ̀yìn. Èmi gbà pé ìwádìí yìí nìkan tó láti san owó gbogbo sátẹ́láìtì tí wọ́n fi ṣe é.

Ní ilẹ̀ koríko, NDVI kì í sábà dójú tini, nítorí koríko tí kò rí òjò kò ní ewé, èyí tó rí òjò ní ewé, àwọ̀ àti iṣẹ́ sì jọ ń rìn. Inú igbó kìjikìji ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú. Nígbà tí ewé bá ti dí tán, iye náà ti yó. Ewé mìíràn tó bá tún hù sórí rẹ̀ kò lè mú un lọ sókè mọ́. Ìdí nìyẹn tí Saleska fi lo iye mìíràn, EVI, tó gbára lé infrared ju pupa lọ, láti inú ẹ̀rọ MODIS tó wà lórí sátẹ́láìtì Terra tí wọ́n gbé lọ sókè ní oṣù Kejìlá 1999.

Èsì kọ́kọ́ yọjú ní ọdún 2010. Arindam Samanta àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ gbogbo ibi tí ìkùukùu àti èéfín ti ba àwòrán jẹ́ kúrò. Èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbẹ̀, nítorí àsìkò ọ̀dá gan-an ni wọ́n ń sun igbó. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tán, títutù tí wọ́n ní igbó tutù lásìkò ọ̀dá kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni Douglas Morton dé ní 2014, nínú ìwé ìròyìn Nature, tó sì kan ohun tó jinlẹ̀ jùyẹn lọ. Kì í ṣe ti ọ̀dá 2005 nìkan ni ó gbé yẹ̀ wò; ẹ̀ẹ̀rùn ọdọọdún ni. Àwọn onímọ̀ ti ń sọ tipẹ́ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá, Amazon máa ń tutù sí i. Morton ní oòrùn ni ẹ lọ bi. Ẹni tó bá dúró sórí oko iṣu ní àárọ̀, tó kẹ̀yìn sí oòrùn, apá tí oòrùn ń tàn sí lára ebè kọ̀ọ̀kan nìkan ló máa rí. Gbogbo òjìji ti sá sẹ́yìn ebè. Kó rìn lọ sí òdìkejì oko kó yíjú padà, oko kan náà á dúdú lójú rẹ̀. Bó ṣe rí lórí igbó nìyẹn. Nígbà tí oṣù Kẹwàá bá fi máa dé, ibi tí oòrùn dúró sí ti bá ibi tí sátẹ́láìtì ti ń wò mu, òjìji tó wà láàárín orí igi kò hàn mọ́, infrared á sì pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ewé kan ṣoṣo hù. Nígbà tí Morton yọ ipa oòrùn kúrò, igbó náà jókòó síbi tó wà.

Ẹlòmíràn ì bá ti pa ìwé dé níbí: sátẹ́láìtì ló parọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ti gbé òpó gíga sínú igbó Tapajós, lẹ́bàá ìlú Santarém, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sórí rẹ̀ tó ń wọn kábọ́ọ̀nù tó ń wọlé sínú igbó àtèyí tó ń jáde. Ohun tí òpó ń sọ ni pé ní ẹ̀ẹ̀rùn, igbó náà ń ṣiṣẹ́ sí i lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọ̀ kò yí padà, iṣẹ́ pọ̀ sí i. Báwo?

Ọdún 2016 ni Jin Wu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn, nínú Science. Kámẹ́rà tí kò wọ́n rárá ni wọ́n so mọ́ orí òpó, tó ń kọjú sí orí igi lọ́sàn-án, oṣù dé oṣù. Wọ́n rí i pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn igi náà ń já ewé àgbà sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ewé tuntun rọ́pò rẹ̀. Iye ewé kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọjọ́ orí ewé ló yí padà, ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó sì lágbára láti se oúnjẹ ju arúgbó ewé lọ. Gbòǹgbò wọn jinlẹ̀ débi tí omi ń bẹ nísàlẹ̀, kódà nígbà tí òkè ti gbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn sì mú oòrùn wá tí ìkùukùu àkókò òjò ti ń dí lọ́wọ́. Nítorí náà Saleska kò jẹ̀bi tán, Morton náà kò sì jàre tán. Àkíyèsí kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé: ẹ̀ẹ̀rùn ọdọọdún kì í ṣe ọ̀dá. Oliver Phillips àti ogunlọ́gọ̀ àwọn tó ń fi téèpù wọn igi káàkiri Amazon ti sọ ní 2009 pé ọ̀dá 2005 pa igi, pé kábọ́ọ̀nù tí igbó náà pàdánù nítorí rẹ̀ wà láàárín bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 1.2 sí 1.6. Ẹni tó wọn ìdí igi kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé òjìji fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú iṣẹ́ wa kò fẹ́ràn kí a máa sọ irú ìtàn yìí fáyé gbọ́. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa ṣiyèméjì sí sátẹ́láìtì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta máàpù aláwọ̀ mèremère fún ìjọba, tí wọ́n ní àwọ̀ ewé túmọ̀ sí igbó tí ara rẹ̀ le, ni mo rò pé ó yẹ ká máa ṣiyèméjì sí.

Ọ̀nà kan wà báyìí tó sún mọ́ iṣẹ́ ewé ju àwọ̀ lọ, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀ nítorí ó dùn mọ́ mi nínú. Ìmọ́lẹ̀ tí ewé bá gbà, kì í lo gbogbo rẹ̀ tán. Ìwọ̀nba díẹ̀, bí ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń tàn jáde padà ní àwọ̀ pupa tó ṣókùnkùn, láti inú èròjà aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ gan-an. Ewé ń tan iná, àmọ́ iná náà kéré débi pé oòrùn bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Báwo la ṣe fẹ́ rí i? Láti 1814 ni Joseph von Fraunhofer, ará Jámánì, ti ya máàpù àwọn ìlà dúdú tíntìntín tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ibi tí oòrùn fúnra rẹ̀ kò ti tàn dáadáa. Bí sátẹ́láìtì bá wo igbó tó sì rí i pé ìlà dúdú yẹn kò dúdú tó bó ṣe yẹ, ewé ló fi iná tirẹ̀ dí àlàfo náà.

Kò sí ẹni tó kọ́ sátẹ́láìtì kan nítorí èyí nígbà náà. Àwọn ará Japan gbé GOSAT lọ sókè ní 2009 láti wọn kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ tó láti rí àwọn ìlà Fraunhofer, nígbà tó sì di 2011, Joanna Joiner àti Christian Frankenberg, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti fi í ya máàpù iná ewé gbogbo àgbáyé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Luis Guanter àti àwọn tó bá a ṣe é ní ibi tí iná yìí ti ń tàn jù láyé nígbà tí ohun ọ̀gbìn bá wà lójú ọpọ́n ni oko àgbàdo àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ó ju ti Amazon lọ ní nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn àpẹẹrẹ kọ̀ǹpútà tí a gbẹ́kẹ̀ lé kò retí rẹ̀. Ẹni tó bá wo àwọ̀ nìkan yóò búra pé igbó ló ń ṣiṣẹ́ jù. Lóṣù Keje, àgbàdo ni. Pé igbó ń bá iṣẹ́ lọ ní gbogbo ọdún nígbà tí àgbàdo ti wọ àká, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti wà lára àwọn ibi tí UNESCO yàn fún ìdáàbòbò ẹ̀dá láti 1977. Wọ́n ti gbin gmelina lọ salalu sí apá kan rẹ̀, kí àwọn ilé iṣẹ́ ìwé lè rí igi lò. Bí ẹ bá wo àwòrán Sentinel-2, sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù, láàárín àkókò òjò, ní ọjọ́ tí ìkùukùu bá gbà fún wa, gmelina àti igbó àdáyébá jọ tutù ni. Kí ẹ wá dúró di oṣù Kìíní. Gmelina á wọ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀, NDVI rẹ̀ á wálẹ̀; igbó àdáyébá á ṣì wà ní tirẹ̀, pẹ̀lú igi kan níhìn-ín tó já ewé, igi mìíràn lọ́hùn-ún tó ń rúwé. Mo ti fẹ́ràn láti máa wo àwọn iye yìí bí wọ́n ti ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ láti ọdún dé ọdún ju kí n wo fọ́tò ọjọ́ kan ṣoṣo lọ, bó ti wù kí fọ́tò náà mọ́ tó. Ohun tí sátẹ́láìtì kò ní rí ni àjànàkú tó ṣì kù nínú Omo, tó ń jẹ èso tó sì ń gbé kóró rẹ̀ lọ hù síbi tó jìnnà. Bí wọ́n bá pa èyí tó kẹ́yìn lónìí, ewé kankan kò ní rọ.

Ti kòkó le jùyẹn lọ. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023, pé kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú, àmọ́ àwọn tó ń ra kòkó ti ń wọlé oko tí wọ́n ń fi fóònù gba ibi tí oko wà. Mo fi irú máàpù tí kọ̀ǹpútà yà láti inú àwòrán sátẹ́láìtì han bàbá àgbẹ̀ kan tí mo mọ̀, ní ìhà Ìjẹ̀ṣà. Ó fajú ro, ó ní kí n jẹ́ kó tóbi.

"Èyí tí wọ́n kùn ní igbó yìí ńkọ́? Oko bàbá mi ni. Kòkó ló wà lábẹ́ àwọn arère yẹn."

"Bàbá, láti òkè, orí arère nìkan ni wọ́n rí."

"Kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá nígbà náà." Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá fi ìka sí ibòmíràn. "Ibí yìí, wọ́n gbà á, kòkó ni. Ṣùgbọ́n ó ti gbó, ọmọ mi. Ewé ló ń hù, kò so mọ́."

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ àlàyé lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí sátẹ́láìtì rí àti ohun tí ilẹ̀ ń ṣe. N kò tíì gbọ́ èyí tó kúrú tó báyìí.

Ìkùukùu tí mo mẹ́nu bà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní àárín ọdún 1970 sí 1980, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fẹ́ ya máàpù igbó gbogbo orílẹ̀-èdè, rádà ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ òfuurufú, nítorí rádà ń gba inú ìkùukùu kọjá. NIRAD ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Wọ́n mọ̀ nígbà náà ohun tí ọ̀pọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 2025, àjọ òfuurufú Yúróòpù gbé sátẹ́láìtì Biomass lọ sókè láti Kourou ní French Guiana. Ìgbì rádà tirẹ̀ gùn ní nǹkan bí 70 sẹ̀ǹtímítà, ó ń wọ inú ewé kọjá lọ kan ìtì igi àti ẹ̀ka ńlá, ibi tí kábọ́ọ̀nù pọ̀ sí. Wọn kò jẹ́ kó tan rádà rẹ̀ lórí Amẹ́ríkà ti Àríwá àti Yúróòpù, kó má baà dí rádà àwọn ológun lọ́wọ́. Nítorí náà igbó ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ló kọjú sí jù. Yóò sọ bí igi ṣe wúwo tó fún wa. Bí igi ṣe ń ṣiṣẹ́ tó lọ́sàn-án òní, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Èyí ló gbé mi padà sórí òpó. Ní Bellefoungou, lágbègbè Djougou ní àríwá Benin, òpó kan wà nínú igbó tó ń wọn afẹ́fẹ́ àti kábọ́ọ̀nù bí ti Tapajós, òmíràn sì wà ní Nalohou láàárín oko àwọn àgbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ibẹ̀, ìwúlò rẹ̀ fún wa pọ̀, ṣùgbọ́n Omo kì í ṣe ọ̀dàn. Ọ̀dàn kò lè jẹ́rìí fún un, Amazon pàápàá kò sì lè jẹ́rìí fún un. Ní 2015, Kaiyu Guan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé igbó ilẹ̀ olóoru tí òjò ọdún rẹ̀ bá ju nǹkan bí 2,000 mìlímítà lọ máa ń lè bá iṣẹ́ lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó bá kéré sí i, omi á wọ́n fún un. Etí ààlà yẹn ni Omo wà, díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn Amazon sì ń mú oòrùn wá, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tiwa ń mú ọyẹ́ àti eruku Sàhárà wá tó ń bo oòrùn lójú.

Bí iná ewé Omo bá wá lọ sílẹ̀ lóṣù Kìíní, ohun mẹ́ta ló lè fà á: omi tó wọ́n nísàlẹ̀, eruku tó dí ìmọ́lẹ̀, tàbí ewé tó ti gbó tí tuntun kò tíì rọ́pò. Eruku kan náà tún ń ba ohun tí sátẹ́láìtì ń rí jẹ́, bí èéfín ṣe ba ti Amazon jẹ́ ní 2005. Òpó kan nínú Omo, pẹ̀lú kámẹ́rà tí kò wọ́n lórí rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń balẹ̀, yóò ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ láàárín ọdún mélòó kan. Mo ti kọ́kọ́ kọ iye tó máa ná wa sílẹ̀. Kámẹ́rà ló kéré jù nínú rẹ̀. Irin òpó àti ẹni tí yóò máa gun un lọ nu eruku kúrò lójú ẹ̀rọ nínú ọyẹ́ ló pọ̀ jù.